Má Bi Mí Léèrè Èyí Tó Dára Jù

O ní kí n júwe fún ọ, Ìbídùn,
kí lo máa wò, kí lo máa gbọ́, kí lo máa kà
kó o tó dẹni tí Ìbàdàn mọ̀ lójú.
Wọ́n ṣáà ní ìlú yìí kì í gbe onílé bí àjèjì.
Ṣùgbọ́n má bi mí léèrè èyí tó dára jù.
Ẹnu mi ò gba "jù".
Èyí tó wọ̀ mí lára nìkan ni mo mọ̀.

Kọ́kọ́ lọ sí Òkè-Àdó, sí ilé fótò Bàbá Làńlẹ́hìn.
Fi àwọn tó wà nínú férémù aláwọ̀ góòlù sílẹ̀;
wo inú gíláàsì tó dojú kọ títì,
níbi tó kó fótò àwọn tí kò padà wá gbà á sí.
Ìyàwó kan wà níbẹ̀. Oòrùn ta sí i lójú,
ó di ojú kan, ó la ìkejì,
bí ẹni tó ń wọn ọkọ rẹ̀ wò kó tó sanwó.
Mo ti lọ kí i ju bí mo ṣe ń lọ kí ẹ̀gbọ́n mi lọ.

Sinimá? Mi ò mọ orúkọ rẹ̀.
Òkè-Bọ́lá ni, nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ń kó sìmẹ́ńtì sí báyìí;
ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí, lórí itan Bùrọ̀dá Akínlàbí.
Ọkùnrin kan ń sáré lé ọkọ̀ ojú irin,
ọwọ́ rẹ̀ ku díẹ̀ kó kan ilẹ̀kùn —
fíìmù gbiná.
Funfun báláú. Òórùn ike tó ń jó.
Àríyànjiyàn la bá délé lálẹ́ ọjọ́ náà:
àwọn kan ní ó bá a, àwọn kan ní ó ṣubú,
Bùrọ̀dá ní kò tiẹ̀ fẹ́ bá a tẹ́lẹ̀.
Ìyẹn ni kó o wò.
Bí o ò bá rí i, lọ jókòó sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Dùgbẹ̀
kó o parí ẹ fúnra rẹ.

Kásẹ́ẹ̀tì kan ń bẹ lọ́wọ́ mi, n ó fún ọ.
Ojú kejì, orin kẹta:
onígìtá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò sẹ́ni tó gé e kúrò.
Òjò ń rọ̀ sórí páànù ibi tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀,
o ó sì gbọ́ obìnrin kan lókèèrè tó ń pe ọmọ wálé:
"Rẹ̀mílẹ́kún! Rẹ̀mílẹ́kún o!"
Ogún ọdún ni mo ti ń dẹtí.
Rẹ̀mílẹ́kún ò tíì dáhùn.

Ní Agbowó, yọjú sí abẹ́ àtíbàbà ẹni tó ń lẹ táyà.
Orí amọ̀ kan wà níbẹ̀, elétí kan;
akẹ́kọ̀ọ́ kan ló fi í dógò tí kò padà wá.
Wọ́n ti fi túùbù kẹ̀kẹ́ ṣe ìlẹ̀kẹ̀ fún un.
Mo ní, "Bàbá, iṣẹ́ ọnà gidi nìyí."
Ó ní, "Gbèsè táyà mẹ́rin nìyí."

Ìwé ńkọ́? Ìyẹn ni mi ò lè yá ọ.
Abẹ́ afárá Mọ́kọ́lá ni mo ti rà á, kò lẹ́yìn mọ́.
Ẹnì kan ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sí etí ewé, léraléra:
"Irọ́." "Mi ò gbà." "Ta ló sọ fún ẹ?"
Ìgbà tó dé ojú ewé kejìlélọ́gọ́ta,
níbi tí ìyá náà ti ń ká aṣọ ọmọ tó ti lọ,
kò kọ nǹkan kan.
Ó kàn fa ìlà, ìlà náà sì wọ́.
Bí irú ọwọ́ ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ bá kọjá lójú rẹ ní wọ́ọ̀dù,
lórí káàdì aláìsàn, lórí ìwé oògùn,
jọ̀ọ́, pè mí, ì báà jẹ́ ọ̀gànjọ́.

Ẹni tó ní kó o wo nǹkan, ojú rẹ̀ ló yá ọ.
Máa mú tèmi bọ̀, kó o sì mú tìrẹ dání.
Àti pé, ìyàwó Òkè-Àdó yẹn:
bí o bá débẹ̀ tí o kò bá a nínú gíláàsì mọ́,
á jẹ́ pé ó ti wá gba fótò rẹ̀.
Bá mi bi Bàbá Làńlẹ́hìn
bóyá ojú méjèèjì ló là.