Imú Àyálò

Ní Svendborg, níbi tí òkun ti ń lá ẹsẹ̀ ilé,
ṣọ́ọ̀bù Ingelise Brøndum kò gbà ju ènìyàn mẹ́rin lọ.
Ìgò mẹ́tàlélógójì ló tò sára ògiri,
èmi ni mo ń nù wọ́n ní gbogbo Sátidé.

Fajíníà wà níbẹ̀, pupa bí etí ọmọ tí òtútù mú.
Bọ́lè wà níbẹ̀, gbígbẹ, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.
Látákíà ti Sípírọ́ọ̀sì dúdú bí ìdí ìkòkò:
èéfín ni wọ́n fi sá a, kì í ṣe oòrùn.
Pẹríìkì ti Luisiánà, tí wọ́n tẹ̀ mọ́ inú àgbá títí tó fi kan,
bí o bá bù ú jù, ọ̀fun á bá ọ ṣẹjọ́.

Ibà kan mú un lọ́dún tí yìnyín dí èbúté.
Ibà lọ, ó gbé òórùn lọ.
Kọfí di omi gbígbóná, ọṣẹ di òkúta tó ń yọ̀.
Ẹni tó ń po tábà fún ìlú kò gbóòórùn mọ́.
Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo rí i,
lọ́jọ́ tí wàrà ń jóná lẹ́yìn rẹ̀ tí kò wẹ̀yìn.

Láti ìgbà náà ló ti ń yá imú.
Á ṣí ìgò, á nà án sí oníbàárà:
"Ẹ bá mi gbọ́ ọ. Kí ló ń sọ?"

Ìgò kọkàndínlógún.
Thorvald, káfíńtà ọkọ̀ ojú omi, ní:
"Ọ̀dà! Ọ̀dà tí bàbá mi fi ń dí ojú ihò. Ẹ wọ̀n ọ́n fún mi."
Pásítọ̀ Ebbe ní tùràrí ni, àmọ́ ti ìjọ mìíràn;
ó rà á, ó ní ká fi bébà méjì dì í.
Signe tíṣà ní ilé ẹṣin lẹ́yìn òjò ni,
ó padà sídìí ìgò tó ń ta sánsán bíi fàníla,
èyí tí Thorvald ní ká fi ṣe kéèkì ọmọdé.
Thorvald ń pè é ní èèrà,
òun náà ń pe Thorvald ní ààrò,
wọ́n á sì jọ jókòó sórí àpótí, ìkòkò lẹ́nu, títí ilẹ̀ á fi ṣú.
Mogens, kúùkù ọkọ̀ ìsọdá, kàn dé ìgò náà padà.
"Rárá. Mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí ilé wa jó."

Mo rò pé yóò béèrè ta ló gbọ́ ọ dáadáa.
Kò béèrè. Ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sínú ìwé gbèsè,
lábẹ́ iye owó:
ọ̀dà, tùràrí, ilé ẹṣin, iná.

Ó sọ fún mi nígbà kan pé bí oòrùn bá ti wọ̀,
oorun nìkan ló ń dá òórùn padà fún òun,
tílẹ̀ bá mọ́, á tún gbà á.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ fi ìlú sílẹ̀, ó bu díẹ̀ sí mi látẹ́lẹwọ́.
"Ìwọ ńkọ́? Kí ló ń sọ fún ọ?"
Èmi tí n kò mu tábà rí, mo gbé e símú.
Ẹ̀wù òjò rẹ̀ ni mo gbọ́, èyí tó ń gbẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Ojú tì mí. Mo ní, "Ọ̀dà."

Ó ní, "Ti Thorvald nìyẹn."
Kò kọ ọ́.