Kẹ́ẹ̀gì Lórí Itan Ìyá Mi

A ti kúrò l'Ákùúrẹ́ kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì.
Ìkọ̀lé, Òmùò, lẹ́yìn náà Ìyàmoyè,
níbi tí ìkíni ti yí padà lẹ́nu ọmọ tó ń ta kajú:
"Ọ̀kún o!"
Ìyá mi, tó ti ń sùn láti Adó,
lajú, ó dáhùn kí n tó rí ẹni tó kí wa.
Ogójì ọdún Àkúrẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà.

Ní Kàbà a ra epo. Ọkùnrin tó ń rọ ọ́ ní,
"Láàárín Ayétòrò sí Mópà,
ohun yòówù kí ẹ rí, ẹ má dúró."
Mo ní mo gbọ́. Ìyá mi ò sọ nǹkan kan.
Ó ń wo kẹ́ẹ̀gì òfìfo tó gbé sẹ́bàá ẹsẹ̀,
tí mo ti rò pé ti epo pupa ni.

Tírélà sìmẹ́ǹtì ń ré wa kọjá,
eruku wọn sọ orí igi kajú di orí arúgbó.
Kòtò kan, kòtò mìíràn. Àpáta dúdú jókòó sáàárín oko
bí ẹni tí wọ́n bi léèrè tí kò fẹ́ fèsì.
"Dúró."
Màámi, wọ́n ní ká má—
"Bọ́lárìn, mo ní dúró."

Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan, koríko gíga, ìdí àpáta:
omi ń rú wúyẹ́wúyẹ́, bí ìkòkò tó fẹ́ hó
tó sì yí èrò padà.
Kò sí àkọlé. Kò sẹ́ni tó ń gbowó ìwọlé.
Ọṣẹ tí ẹnìkan gbàgbé, bàtà ọmọdé ẹsẹ̀ kan.
Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ mi, etí mi wà lójú títì.
Ìyá mi ká ìró dé orúnkún, ó wọ inú rẹ̀,
ó ní, "Hẹn-ẹn,"
bí ẹni tí wọ́n san gbèsè àtijọ́ fún.
"Ibí ni Ọlọ́runnípa ti fà mí jáde.
Mo ti mu omi yó. Ọmọ ọdún méje ni mí, òun mẹ́sàn-án.
Ó gbá mi létí, òun náà ló tún ń sunkún."

Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́. Kò gbóná.
Ó kàn lọ́wọ́ọ́wọ́ ni, bí àga tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.
Mi ò sọ ọ́.

Ó fi gèlè rẹ̀ wé kẹ́ẹ̀gì náà, ó gbé e lé itan
títí a fi dé Ìsánlú.
Kòtò tí mo bá bọ́ sí, "Pẹ̀lẹ́," ni yóò wí.
Kẹ́ẹ̀gì ló ń kí, kì í ṣe èmi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lo ọdún mẹ́ta lórí ibùsùn.
Ó bu omi sábọ́, ó rẹ aṣọ, ó nu ẹsẹ̀ náà.
Ilẹ̀ ti ṣú. Omi ti tutù bí omi àmù.
"Ṣé ó ṣì gbóná?"
Bàbá náà wo àjà, ó pẹ́ díẹ̀,
ó ní, "Ó ń jó mi! Rọra, àbí o fẹ́ bó mi láwọ ni?"
Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Mo jáde lọ wo táyà.
Ọ̀kan ti rọ̀.