Omi Ẹ̀gẹ́

Ohun tí a fún jáde lára ẹ̀gẹ́
kì í kú sábẹ́ òkúta tí a fi tẹ àpò.
Ó ń ro tó, tó, tó,
ó ń gba ẹ̀yìnkùlé Òkè-Àgbò kọjá,
funfun bí omidùn,
ó ń wá odò lọ.

Nígbà tó jẹ́ obìnrin márùn-ún péré ló ń yan gàrí níbẹ̀,
ilẹ̀ ń mu ún, oòrùn ń lá a,
koríko etí kòtò nìkan ló ń rọ.
Ta ló ń bá koríko ṣẹjọ́?
Ẹ̀rọ dé. Ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ mẹ́fà lóòjọ́.
Ilẹ̀ ní òun ti yó.

Abo ewúrẹ́ Ìyá Sẹ̀fíyátù,
Gbèsè-Tán ló sọ ọ́,
torí ọmọ inú rẹ̀ ni yóò fi san owó èésú,
mu omi náà láàárọ̀ Jímọ̀.
Kò ké tó ẹ̀ẹ̀mejì.
Ìyá kò bú mi.
Ó kàn mú okùn ọrùn ẹran wá,
ó fi kọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi.

Èmi Ọnàdékò, ọ̀gá ilé ẹ̀rọ,
mo mọ̀ pé májèlé yẹn
ni ẹ̀gẹ́ fi ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ òkété.
Iṣẹ́ tirẹ̀ ló ń ṣe.
Tèmi ńkọ́?

Ọmọ Òkúsànyà, tó kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè, ló ní ká gbẹ́ kòtò mẹ́ta.
Nínú èkínní, kí ẹrẹ̀ funfun jókòó.
Nínú èkejì, ẹfun,
títí omi yóò fi máa yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ;
nítorí bí omi bá ṣì kan, tí o da kílórìn lé e,
atẹ́gùn tí yóò ti ibẹ̀ dìde,
imú kan kì í gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì.
“Ẹ má kánjú, bàbá,” ló ń wí.

Kánjú kẹ̀?
Àwa tí a ń fún gàrí Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ mẹ́rin kó tó kan,
omi rẹ̀ ni a kò fún ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ó ní bébà kan, pupa rúsúrúsú.
Bí májèlé bá wà, bébà á di àwọ̀ bíríkì.
Ọjọ́ kìíní, bíríkì.
Ọjọ́ kẹta, bíríkì, a tún ẹfun wọ̀n.
Lọ́jọ́ kẹsàn-án bébà wo wá,
kò yí ojú padà.

Mo gbé e lọ han Ìyá.
Ó ní bébà kò lẹ́mìí.
Ó bu omi kòtò kẹta sínú abọ́ tánganran,
ó kó ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ méje sí i,
ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹní rẹ̀, ó sùn tì í.

Ilẹ̀ mọ́. Ó kà wọ́n. Ó tún wọn kà.
Lẹ́yìn náà ló wá sí ọ́fíìsì,
ó ní kí n fún òun ní okùn òun.
Mo tú u fún un.
Kò sọ ohun tó fẹ́ fi so.