Méjìlá Péré

Inú ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé ni Ọ̀gá Odùnúgà wé lẹ́ǹsì náà sí.
Ó wúwo bí ọmọ ọlọ.
Dígí rẹ̀ ti pọ́n bí omi tíì,
ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ fẹ̀:
ìmọ́lẹ̀ tí kò tó fi wá abẹ́rẹ́,
ó tó o mu yó.
"Ó yára," ọ̀gá wí, "àmọ́ kì í dárí jini."

Ní Ìṣarà, iná lọ.
Màmá Efúnyẹlá ń bó obì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà.
Mo ṣí lẹ́ǹsì sílẹ̀ gbayawu,
mo tẹrí ba kámẹ́rà bí ẹni ń wo kànga.
Mo yí sọ́tùn-ún, màmá sá sósì.
Ibi tó hàn kedere kò ju ìbú èékánná lọ:
bí irun ìpéǹpéjú bá hàn, etí ti di èéfín.
Fíìmù kan, méjìlá péré,
owó rẹ̀ tó gààrí oṣù kan.

"Ṣé kí n má mí ni?"
"Ẹ rọra mí, màmá."
Ó bú sẹ́rìn-ín. Mo ti tẹ̀ ẹ́.
Ìkejìlá nìyẹn.

Mo fọ fíìmù. Mọ́kànlá di kùrukùru.
Nínú ìkejìlá, ẹ̀rín náà yọ́ sínú iná àtùpà,
ojú pòórá,
ọwọ́ nìkan ló là:
àtàǹpàkò tí obì ti rẹ dúdú,
àpá ọ̀bẹ,
èèpo kan tí kò tíì já bọ́.

Mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀.
Màmá gbé e súnmọ́ ojú, ó pẹ́ níbẹ̀.
"Ọwọ́ yìí ló rán bàbá ẹ nílé ìwé.
Ojú mi, ta ni ò mọ̀ ọ́n?"