Ìrù Ọ̀rọ̀-Ìṣe

Òjò Glásígò kì í pariwo,
díẹ̀díẹ̀ ló ń wọ ènìyàn dé eegun.
Lókè ilé ìkàwé, ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun,
àwa mẹ́fà yí tábìlì ká,
ẹ̀wù òjò wa ń kán tó-tó lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Òórùn àsítóònù ò tíì kúrò ní ìka mi:
àádọ́rin èékánná ni mo kùn lónìí,
n kò mọ orúkọ ẹnìkan nínú àwọn tó ni wọ́n.

Ailsa, olùkọ́ wa, kọ "gó" sára pátákó.
Ó ní tó bá ti di àná, ó di "wẹ́ǹtì".
Bohdan, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, lu tábìlì:
"Ta ló pààrọ̀ ọmọ yìí? Ti àná ò jọ ti òní!"
A rẹ́rìn-ín títí Tesfalem fi nu ojú.
Ailsa ní òun náà ò mọ̀,
bẹ́ẹ̀ lòun ṣe bá a nílẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa ní Hải Phòng, lọ ni lọ.
Lọ lánàá, lọ lónìí, lọ lọ́dún tó ń bọ̀,
ọ̀rọ̀ kì í pààrọ̀ ẹ̀wù nítorí pé ilẹ̀ ṣú.
Ohùn ni tiwa:
gbé e sókè, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́;
tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó di èéhù ìrẹsì;
fi í sílẹ̀ gbọọrọ, ó di iwin.

Ti ibí, ìdí ọ̀rọ̀ ni ọgbọ́n wà.
Mo kọ ọ́ pé ìyá mi ń gbé létí odò Cấm.
Ailsa fi pẹ́ńsùlù so lẹ́tà ẹ́sì mọ́ ọn nídìí,
ó ní, "Torí òun nìkan ni, torí ó ṣì ń gbé ibẹ̀."
Inú mi dùn sí ìrù kékeré yẹn.

"Mísì" ni mo fẹ́ràn jù, torí kò níṣẹ́ kan pàtó.
Mo mísì bọ́ọ̀sì ní àárọ̀.
Bohdan yìnbọn sí ehoro nígbà èwe rẹ̀, ó mísì.
Tesfalem mísì aya rẹ̀, ọdún kẹrin rèé.
Mo bi Ailsa: ṣé ọ̀kan náà ni?
Ọkọ̀ tó lọ, ọta tó tàsé, ẹni tí àárò rẹ̀ ń sọ ni?
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Bẹ́ẹ̀ ni, Thoa. N kò rò ó rí."

Nínú oṣù Kejì, lẹ́yìn kíláàsì, mo tan fóònù:
mísìdì kọ́ọ̀lù mọ́kànlá,
gbogbo rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àbúrò mi.
Mo ti mọ̀ kí n tó pè é padà.
Bọ́ọ̀sì dé, ó ṣílẹ̀kùn, awakọ̀ wò mí,
ó pa ilẹ̀kùn dé, ó lọ.

Lálẹ́ yìí mo ṣí ìwé mi sí ojú ewé náà.
Wọ́n ti kọ́ wa: ohun tó bá ti parí, lẹ́tà dí ni ìrù rẹ̀.
Mo fi rọ́bà pa ẹ́sì rẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́,
bí ẹni ń nu ọ̀dà kúrò ní èékánná ọmọdé.
Mo gbé pẹ́ńsùlù. Mo gbé e sílẹ̀.
Ọ̀rọ̀ náà dúró láìnírù,
bí ọ̀rọ̀ ilé wa, tí kì í ṣe ti àná, tí kì í ṣe ti òní.
Tó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ailsa yóò rí àṣìṣe yìí.
Kó bá mi fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.