Àtàǹpàkò Lẹ́yìn Ọrùn

Lágbàlá Látòóṣà, ní Òkè-Báálẹ̀ l'Óṣogbo,
kì í ṣe àkùkọ ní ń jí wa,
ẹwìrì ní ń mí sí wa létí.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi gún amọ̀,
amọ̀ etí odò pẹ̀lú ìgbẹ́ ẹṣin,
kí ọ̀gá tó gbé ìda oyin lé mi lọ́wọ́:
"Mọ ohun tó bá wù ọ́."

Mo mọ orí ìyá mi.
Amọ̀ ni ọpọlọ rẹ̀, ìda ni awọ.
Ìda gbọ́ràn ju ọmọ lọ.
Mo fi ẹ̀gún ọsàn kọ àbàjà mẹ́rin sí i lẹ́rẹ̀kẹ́,
mo rántí etí òsì tó ya,
níbi tí ọmọ ọwọ́ ti fa yẹtí já.
Èmi ni ọmọ ọwọ́ náà.

A kọ́kọ́ fi amọ̀ kíkúnná ra á,
bí ẹni fi àdí pa ọmọ tuntun lára,
lẹ́yìn náà amọ̀ líle, ìpele lórí ìpele,
títí ìyá mi fi di òkúta tí kò lójú.
Ọjọ́ mẹ́jọ la fi sá a.
Òjò oṣù Agẹmọ fẹ́ẹ̀ dójú tì wá.

A dojú rẹ̀ kọ iná.
Tó. Tó. Tó.
Ìda ń kán sínú eérú, òórùn oyin gba àdúgbò.
Mo na ọwọ́. Ọ̀gá gbá a sẹ́yìn:
"Bí kò bá lọ, níbo lo fẹ́ kí idẹ jókòó sí?"

Ìda dà tán.
Ó ku òfìfo kan tó ní imú ìyá mi,
òfìfo tó ya létí òsì.

Ẹnu ẹ̀rọ omi tó ti gbẹ látọdún wo,
àgádágodo mẹ́ta tí kọ́kọ́rọ́ wọn sọnù,
agogo iléèwé kan tó ti sán:
gbogbo wọn di omi kan náà,
pupa bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú.
Látòóṣà dà á. Kò sẹ́ni tó wúkọ́.

Òòlù fọ́ amọ̀.
Ó dé, dúdú, gbígbóná, tòun tèéfín.
Imú kò kún tán; atẹ́gùn há síbẹ̀.
Ṣùgbọ́n etí wà. Yíya wà.
Lẹ́yìn ọrùn, níbi tí mo gbàgbé láti dán,
ìlà àtàǹpàkò mi ti di idẹ.

Ọ̀gá na fáìlì sí mi, ó ní kí n fá a kúrò.
Mo gba fáìlì.
Àgbọ̀n ni mo fi í fá.