Amọ̀ Kọ́ Ni Mo Fi Fọ̀ Ọ́

Ọmọ amọ̀kòkò ni mí, láti Dàda, n'Ílọrin.
Mo mọ amọ̀. Mo mọ ìgbà tó tutù jù,
mo mọ ìgbà tó ń ṣe agídí lọ́wọ́.
Nígbà tí Mùfútàù pè mí láti Swansea
pé kí n ra amọ̀ tí wọ́n fi ń pa ọkọ̀ lára,
"Àǹtí, yóò dán bí ojú ọmọ tuntun,"
mo ní rárá.
Amọ̀ tó bá bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan
ti bá yanrìn mulẹ̀;
ẹni tó bá tún gbé e padà sára ọkọ̀
èékánná ló fi ń kọ̀wé sí i.

Ọkọ̀ funfun ni. Mo rà á lọ́wọ́ opó kan ní Aberavon.
Bí o bá wò ó lókèèrè, o ó ní ó mọ́.
Mo ki ọwọ́ bọ ọ̀rá, ọ̀rá búrẹ́dì lásán,
mo fi ra bọ́nẹ́ẹ̀tì:
ó ń họ mí lọ́wọ́ bí èlùbọ́ tí a kò jọ̀.
Ojú kò rí nǹkan kan. Ọ̀rá ló tú àṣírí.

Gwilym, aládùúgbò mi, dúró lẹ́yìn ògiri kúkurú,
ife tíì lọ́wọ́ rẹ̀.
Ogójì ọdún ló lò nílé irin.
Wọ́n ti pa iná ìléru náà báyìí;
ikọ́ rẹ̀ nìkan ni kò tíì gba ìwé lọ-gbélé-ẹ.

Ọjọ́ tí oòrùn kò yọ ló dára fún iṣẹ́ yìí.
Ní Port Talbot, ìyẹn kò wọ́n wa.
Mo fi fóòmù bò ó bí yìnyín,
mo jẹ́ kó ṣàn lọ fúnra rẹ̀.
Korobá méjì: ọ̀kan ọṣẹ, ọ̀kan omi lásán,
kí ẹrẹ̀ tí mo yọ má baà tún padà wọlé.
Ọ̀dà títì tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn,
mo fi oògùn tó ń rùn bí kẹrosíìnì rẹ ẹ́,
mo nù ún, n kò fi ipá.
Lẹ́yìn náà ni mo wá fín oògùn irin sí i.

Ìṣẹ́jú kan.
Méjì.
Ó bẹ̀rẹ̀, tótòtó, bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ,
ó pupa, ó ṣókùnkùn, ó di elésè àlùkò,
ó ń sun ẹkún sílẹ̀ lára funfun.
Òórùn rẹ̀ dà bí ẹyin tó bàjẹ́.
Ó gba orí taya kọjá, ó forí lé gọ́tà.

Gwilym gbé ife rẹ̀ lé ògiri.
"Kí nìyẹn?"
"Eruku irin ni. Ó ti gún wọnú ọ̀dà;
oògùn ló ń pè é jáde."
Ó wò ó. Ó wo nọ́ńbà ọkọ̀.
"Ọkọ̀ Emrys nìyí," ó ní.
"Ẹnu géètì wa ló máa ń gbé e sí."
Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ìka sí ìṣàn náà.
Mo ké: "Ẹ wọ ìbọ̀wọ́!"
Ó wo ọwọ́ rẹ̀ níwájú, ó wò ó lẹ́yìn.
"Ọwọ́ yìí?"

Mo ṣan án nù. Mo tún ki ọwọ́ bọ ọ̀rá:
bọ́nẹ́ẹ̀tì ń yọ̀ bí inú ìkòkò
tí ìyá mi fi òkúta odò dán.
Ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣì ń họni díẹ̀, ṣùgbọ́n igo ti gbẹ,
owó oṣù sì kù ọ̀sẹ̀ kan.

Amọ̀ ì bá ti gbé gbogbo rẹ̀ mì,
kò bá má fi àwọ̀ rẹ̀ han ẹnikẹ́ni.
Bẹ́ẹ̀ ni amọ̀ ṣe máa ń ṣe; mo mọ̀ ọ́n.

Gwilym ní kí n yá òun ní rọ́bà omi.
Ó dúró ti gọ́tà, ó ń da omi sí i
jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sin àlejò jáde,
títí àwọ̀ àlùkò náà fi tán.
Tíì rẹ̀ tutù lórí ògiri.